Ọjọ́ mẹ́sàn-án, àfonífojì Spiti, àti aya tó jẹ́ AS

Ìbéèrè: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé. A ń lọ sí Delhi ní oṣù kẹjọ fún ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ kàwé, lẹ́yìn náà a ní ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko láti fi sinmi. Ariwo ìlú ti sú wa, ibi tó pa rọ́rọ́ lórí òkè Himalaya la ń wá, ọ̀rẹ́ mi sì ní Spiti ló yẹ ká lọ. Ètò tó ṣe fún wa ni pé ká wọ bọ́ọ̀sì alẹ́ láti Delhi lọ sí Manali, ká gba mọ́tò láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ká sùn létí adágún Chandratal, ká sì wọ Kaza lọ́jọ́ kẹta, torí ọ̀nà yẹn ló kúrú jù. Ọmọ ọdún 41 ni mí, mo máa ń sáré kìlómítà 5 láràárọ̀. Ara ìyàwó mi náà le. AS ni, èmi AA. Wọ́n ní ká ra agolo ọ́síjìn dání. Ṣé ètò yìí dára?”

Ètò yẹn kò dára, mi ò sì ní fi bò fún yín. Spiti fúnra rẹ̀ dára, ó sì pa rọ́rọ́ bí ẹ ṣe ń fẹ́. Ohun tó burú ni bí wọ́n ṣe fẹ́ gbé yín débẹ̀, oṣù tí wọ́n yàn, àti bí wọ́n ṣe sọ̀rọ̀ jínótáìpù ìyàwó yín bí ẹni pé kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ìrìn àjò náà. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, lẹ́tà méjì yẹn, AS, ló gbà mí láyà jù. N ó dé ibẹ̀, àmọ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí, nítorí láìmọ ìyẹn, ìmọ̀ràn tó kù yóò dà bí ìdẹ́rùbà lásán.

Ìpínlẹ̀ Himachal Pradesh ní àríwá Íńdíà ni Spiti wà, lẹ́bàá ààlà Tibet. Orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí ilẹ̀ tó wà láàárín, ìyẹn láàárín Íńdíà àti Tibet. Àfonífojì tó gbẹ táútáú ni, igi kò pọ̀ níbẹ̀, odò Spiti ló la àárín rẹ̀ kọjá, àwọn abúlé sì wà káàkiri níbi tí omi yìnyín orí òkè bá ti ṣàn dé, tí wọ́n fi ń gbin ọkà bálì àti ẹ̀wà píìsì. Kaza ni olú ìlú ibẹ̀, ó fi nǹkan bíi mítà 3,700 ga ju òkun lọ. Tabo, níbi tí ilé àwọn mọ́ńkì ẹlẹ́sìn Búdà tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 996 wà, ga tó nǹkan bíi mítà 3,280. Ilé mọ́ńkì Key ga ju mítà 4,100 lọ, abúlé Kibber ju 4,200 lọ, Langza àti Hikkim tó 4,400, Komic sì ń lọ sí 4,600. Òkè tó ga jù lọ ní gbogbo Nàìjíríà, Chappal Waddi ní Taraba, mítà 2,419 péré ni. Ẹni tó ti gun Òkè Ìdànrè dé òkè pátápátá kò tíì dé ìdajì ìdajì Komic. Èyí ni pé ara yín kò tíì mọ ibi gíga rí, ẹ kò sì lè fi bí ara yín ṣe máa ń ṣe nílé mọ bí yóò ṣe ṣe lọ́hùn-ún.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ́síjìn kò sí lórí òkè. Ó wà. Ìdá 21 nínú 100 afẹ́fẹ́ ni ọ́síjìn l'Ékòó, iye kan náà ni ní Kaza. Ohun tó yàtọ̀ ni bí afẹ́fẹ́ ṣe kì tó. Ẹ ronú nípa àpò òwú tí wọ́n tò léra wọn: tìsàlẹ̀ ni ẹrù ń tẹ̀ jù, òun ló kì jù, tòkè fúyẹ́, ó sì tú ká. Bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ rí. Èémí kan tí ẹ bá mí sínú ní Kaza yóò gbé nǹkan bí ìdá 64 nínú 100 ọ́síjìn tí irú èémí kan náà ń gbé létí òkun. Létí adágún Chandratal, tó ga tó nǹkan bíi mítà 4,300, kò tó ìdá 60. Ara lè kọ́ láti fi ìwọ̀nba yẹn gbé: èémí yóò máa yá sí i, kíndìnrín yóò tún omi ara ṣe kí èémí yíyá náà lè tọ́jọ́, ẹ̀jẹ̀ náà yóò ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ló ń gbà, kì í ṣe wákàtí. Eré sísá láràárọ̀ kò sì dín ọjọ́ náà kù. Ẹni tí ara rẹ̀ le gan-an náà lè kó sí wàhálà, torí agbára rẹ̀ á gbé e ga kíákíá kí ara rẹ̀ tó mọ ibi tó wà, orí fífọ́ tó yẹ kó dá a dúró ni yóò sì kà sí rírẹ̀ lásán.

Òfin tí àwọn dókítà orí òkè ń tẹ̀ lé ni pé bí ènìyàn bá ti kọjá mítà 3,000, ibi tó máa sùn sí kò gbọdọ̀ ga ju ibi tó sùn sí lánàá lọ ní ohun tó ju mítà 500, kó sì fi ọjọ́ kan sinmi lójú kan lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ibi tí ẹ sùn sí ni òfin náà ń wò. Ẹ lè gòkè lọ́sàn-án kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ wá sùn. Ẹ wá fi òfin yìí wo ètò ọ̀rẹ́ yín. Manali ga tó nǹkan bíi mítà 2,050. Láti ibẹ̀, ẹ ó sùn ní Chandratal, mítà 4,300, lálẹ́ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Mítà 2,250 lóru ọjọ́ kan! Bí ẹ bá tilẹ̀ fo Chandratal tí ẹ lọ tààrà sí Kaza, mítà 1,650 ni, ẹ ó sì ti gba orí òkè Kunzum, tó ju mítà 4,500 lọ, kọjá lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ àwọn tó bá gba Manali wọ Kaza, orí ibùsùn ni wọ́n ti ń lo ọjọ́ àkọ́kọ́: orí fífọ́, òòyì, èébì, oúnjẹ tí kò wọlé, oorun tí kò kùn. Ìyẹn ni àìsàn òkè tó rọrùn, ó sì máa ń lọ lẹ́yìn ọjọ́ kan sí méjì bí ènìyàn kò bá gòkè sí i. Ṣùgbọ́n irú méjì wà tó ń pani. Nínú ọ̀kan, omi ń kún inú ẹ̀dọ̀fóró: ẹni náà yóò máa mí gúlegúle kódà níbi tó jókòó sí, ikọ́ yóò mú un, ètè rẹ̀ lè ṣókùnkùn. Nínú èkejì, ọpọlọ ló ń wú: ọ̀rọ̀ rẹ̀ á dàrú, á máa ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ bí ẹni tó mutí yó. Ẹ ní kó rìn lórí ìlà tààrà, kó máa fi gìgísẹ̀ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ kejì; bí kò bá lè ṣe é, ẹ má dúró de àárọ̀. Kò sóògùn kankan tó lè rọ́pò sísọ̀ kalẹ̀.

Ní ti agolo ọ́síjìn tí wọ́n ní kẹ́ ẹ rà, ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Agolo tó gba lítà 10, bí ẹ bá ń fa lítà 2 ní ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú 5 péré ni yóò tán. Ó lè mú ara fúyẹ́ fún ìgbà díẹ̀, àmọ́ ewu tó wà níbẹ̀ ni pé ìfúyẹ́ yẹn a máa tan ènìyàn jẹ kó tún gòkè sí i. Ohun tó ń ran ni lọ́wọ́ ní tòótọ́ ni ọ́síjìn ńlá ilé ìwòsàn, tó ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí púpọ̀, èyí sì wà ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Kaza.

Ohun kan wà nípa Spiti tí àwọn tó ń polówó rẹ̀ kì í sọ: sísọ̀ kalẹ̀ kúrò níbẹ̀ kò yá. Ní àwọn òkè mìíràn, wákàtí kan sí méjì lè gbé aláìsàn dé ìsàlẹ̀. Ní Kaza, bí ẹ bá kọjú sí Manali, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gòkè sí Kunzum kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀. Bí ẹ bá kọjú sí Kinnaur, agbègbè tó wà láàárín Spiti àti ìlú Shimla, odò ni ọ̀nà ń bá lọ, ó ń sọ̀ díẹ̀díẹ̀: Tabo fi nǹkan bíi mítà 400 rẹlẹ̀ ju Kaza lọ, wákàtí kan àbọ̀ sí méjì ni ẹ ó fi débẹ̀, ìyẹn sì lè tó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Kí ẹ tó wà nísàlẹ̀ mítà 2,700, ó lè tó wákàtí mẹ́fà. Hẹlikọ́pítà kì í ṣe ohun tí ẹ lè gbẹ́kẹ̀ lé, torí ojú ọjọ́ ló ń pàṣẹ fún un. Nítorí náà, ẹni tó ń lọ sí Spiti gbọ́dọ̀ ṣe é kí àìsàn má wáyé rárá.

Ó kan ìyàwó yín wàyí. Nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin, ó ń lọ sí ẹnì kan tó jẹ́ AS. Ohun tí a máa ń gbọ́ nílé ni pé AS kì í ṣàìsàn, pé ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó àti ọmọ bíbí nìkan ló kàn án. Òótọ́ ni fún ọ̀pọ̀ jù lọ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Lórí òkè, ọ́síjìn tó wọ́n lè mú kí ẹ̀jẹ̀ AS tẹ̀ bíi ti SS ní àwọn ibi kan nínú ara, pàápàá nínú ẹ̀yà ara tí wọ́n ń pè ní spleen, tó wà lábẹ́ egungun ìhà òsì. Ẹ̀jẹ̀ á dì síbẹ̀, apá kan rẹ̀ á sì kú. Kò wọ́pọ̀, ọ̀pọ̀ AS ń lọ síbi gíga tí wọ́n ń bọ̀ láyọ̀. Ṣùgbọ́n ó ń ṣẹlẹ̀, ó sì sábà máa ń jẹ́ láàárín ọjọ́ kìíní sí ìkejì tí ènìyàn débẹ̀, pàápàá bó bá ṣe wàhálà, tí kò mumi tó, tàbí tí òtútù mú un. Àmì rẹ̀ ni ìrora líle lókè ikùn lápá òsì, tí ó lè ran èjìká òsì, pẹ̀lú èébì àti ìgbà mìíràn ibà. Dókítà tí kò bá mọ̀ pé AS ni aláìsàn lè pè é ní ọgbẹ́ inú tàbí oúnjẹ tó bàjẹ́. Ní Spiti, àwọn dókítà kì í sábà rí ọmọ Nàìjíríà, nítorí náà ẹ̀yin lẹ gbọ́dọ̀ sọ ọ́: “Sickle cell trait.” Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pélébé kan pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kó wà nínú àpamọ́wọ́ rẹ̀. Bí ìrora náà bá bẹ̀rẹ̀, ọ́síjìn, omi, àti sísọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀ ni. Ẹ tún lọ ṣe àyẹ̀wò náà lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, torí ẹni tó jẹ́ SC tí wọ́n kọ AS fún nígbà èwe kò ṣọ̀wọ́n, ewu ti SC sì ju èyí lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Ẹni tó bá jẹ́ SS tàbí SC, kó má lọ sí Spiti rárá.

Oṣù kẹjọ tí wọ́n mú fún yín náà ní ìṣòro. Ẹnìkan á sọ fún yín pé òjò kì í dé Spiti, òótọ́ sì ni: àwọn òkè ńlá tó wà ní gúúsù rẹ̀ ló ń gba òjò náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ó kọ́kọ́ gba ibi tí òjò náà ti ń rọ̀ kọjá. Láti oṣù keje títí di nǹkan bí àárín oṣù kẹsàn-án, ilẹ̀ òkè máa ń ya lulẹ̀ sójú ọ̀nà Kinnaur. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, òkè ya lu bọ́ọ̀sì àti àwọn ọkọ̀ mìíràn ní Nigulsari, ó sì pa ènìyàn tó ju ogún lọ. Ọ̀nà Manali náà kò sàn jù. Ihò abẹ́ òkè Atal, tó gùn ju kìlómítà 9 lọ, tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, ti mú apá àkọ́kọ́ rọrùn, àmọ́ láti Gramphu dé Batal, òkúta àti omi ni ojú ọ̀nà. Oòrùn ọ̀sán ló ń yọ́ yìnyín orí òkè, nítorí náà odò kéékèèké tí ọkọ̀ là kọjá wẹ́rẹ́ láago méje àárọ̀ lè di àgbàrá tó ń gbé ọkọ̀ lọ láago mẹ́ta ọ̀sán. Awakọ̀ tó bá mọṣẹ́ kì í kúrò ní Manali lẹ́yìn aago márùn-ún tàbí mẹ́fà àárọ̀. Ní oṣù keje ọdún 2023, àwọn arìnrìn-àjò tó ju igba lọ ni yìnyín àti òjò há mọ́ Chandratal fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹni tó bá ní ọkọ̀ òfuurufú láti wọ̀ lọ́jọ́ kẹwàá kò lè fi irú ìyẹn ṣeré.

Ọ̀nà tó tọ́ láti wọ Spiti, lójú tèmi, ni ọ̀nà gígùn, èyí tó gba Shimla àti Kinnaur. Ó ju kìlómítà 400 lọ láti Shimla dé Kaza, ó fi ìlọ́po méjì gùn ju ti Manali, gígùn yẹn gan-an ló sì jẹ́ oògùn, nítorí ó ń gbé yín gòkè díẹ̀díẹ̀. Láti Delhi, ẹ lè wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Kalka, kí ẹ wá wọ ọkọ̀ ojú irin kékeré tó ń lọ sí Shimla. Kìlómítà 96 ni, ó ń gbà ju wákàtí márùn-ún lọ, kò sì sí ìrìn tó tuni lára tó o. Shimla ga tó nǹkan bíi mítà 2,200. Lọ́jọ́ kejì, Sarahan, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá Shimla dọ́gba, níbi tí tẹ́ńpìlì Bhimakali tí wọ́n fi igi àti òkúta kọ́ wà. Lọ́jọ́ kẹta, Kalpa, mítà 2,960, lókè ìlú Reckong Peo, tí ẹ ó ti máa wo òkè Kinner Kailash láti ojú fèrèsé. Ẹ sùn níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Láti ibẹ̀, ẹ má sùn ní Nako, torí ó ju mítà 3,600 lọ, ìfò náà á ju 500 lọ. Ẹ jẹun ọ̀sán níbẹ̀, kí ẹ máa lọ sùn ní Tabo, tó rẹlẹ̀ jù ú lọ. Ọ̀pọ̀ ètò àjò tí wọ́n ń tà ló ń fi Nako ṣe ibi oorun, bóyá torí pé adágún ibẹ̀ lẹ́wà nínú fọ́tò. Ẹ sùn ní Tabo lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ fi ọ̀sán ọjọ́ kejì lọ wo ilé mọ́ńkì Dhankar, tó wà lórí òkúta tó yọ lókè ibi tí odò Pin àti Spiti ti pàdé, kí ẹ padà sọ̀ wá sùn. Lẹ́yìn náà ni Kaza. Láti Kaza ni ẹ ó ti máa lọ sí Key, Kibber àti Langza lọ́sàn-án, kí ẹ máa padà wá sùn.

Ìwé àṣẹ wà lójú ọ̀nà yìí. Láti Jangi, tó wà lẹ́yìn Reckong Peo, títí dé Sumdo, ìtòsí ààlà ni, àjèjì kò sì lè kọjá láìní ìwé àṣẹ. Reckong Peo ni ẹ ó ti gbà á, ní ọ́fíìsì ìjọba. Ẹ mú ẹ̀dà ojú ewé páásípọ́ọ̀tù àti físà lọ, méjì méjì, àti fọ́tò péńpé. Wọ́n sábà máa ń fẹ́ kí àwọn tó ń béèrè tó méjì ó kéré tán, ẹ̀yin sì jẹ́ méjì. Ọ́fíìsì náà kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú, kì í sì í ṣí lọ́jọ́ Sátidé kejì nínú oṣù, nítorí náà ẹ má ṣe ètò tí ẹ ó fi dé Kalpa lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ láìní ọjọ́ àfikún. Ẹni tó bá gba Manali wọ Kaza kò nílò ìwé yìí, ìdí kan sì nìyẹn tí àwọn alágbàtà àjò fi máa ń ti àjèjì sí ọ̀nà yẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá ka ọjọ́ yín. Ètò tí mo sọ yìí, pẹ̀lú ọjọ́ mẹ́ta ní Kaza àti ìpadàbọ̀ gba ọ̀nà kan náà, ọjọ́ 14 ló gbà láti Delhi padà sí Delhi, pẹ̀lú ọjọ́ kan fún bí ọ̀nà bá dí. Bí ẹ bá gba Manali jáde, ẹ lè dín ọjọ́ méjì kù, àmọ́ nítorí ìyàwó yín, ọ̀nà tó ń sọ̀ ni mo fẹ́ ju ọ̀nà tó tún ń gòkè sí Kunzum. Ọjọ́ mẹ́sàn-án kò tó, ká má tan ara wa. Bí ẹ bá fi tipá há Spiti mọ́ ọjọ́ mẹ́sàn-án, inú mọ́tò lẹ ó ti lo ọjọ́ méje.

Èyí tí mo máa yàn fún yín ní oṣù kẹjọ ni kí ẹ má kọjá Kalpa. Shimla, Sarahan, òru mẹ́ta ní Kalpa, òru kan ní Narkanda bí ẹ bá ń bọ̀, kí ọjọ́ méjì wà láìní iṣẹ́ kankan fún òjò àti ọ̀nà tó dí. Ibẹ̀ kò dé mítà 3,000, ẹ kò nílò ìwé àṣẹ, oko ápù yí yín ká, òru ibẹ̀ sì pa lọ́lọ́. Ẹ óò tutù díẹ̀ nínú òjò, ìkùukùu lè bo òkè mọ́ yín lójú fún ọjọ́ kan odindi, n kò sì lè ṣèlérí pé ọ̀nà kò ní dí. Bí ẹ bá lè gba ìsinmi mìíràn, láti nǹkan bí 15 oṣù kẹsàn-án sí 10 oṣù kẹwàá ni àsìkò Spiti gan-an: òjò ti lọ, ojú ọ̀run mọ́ kedere, wọ́n ń kórè ọkà bálì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òru ti ń tutù súnmọ́ òdo. Ẹnìkan lè sọ pé kẹ́ ẹ wọ bàlúù lọ sí Leh ní Ladakh dípò rẹ̀, torí òjò kì í pọ̀ níbẹ̀. Leh ga tó mítà 3,500, bàlúù á sì gbé yín débẹ̀ láàárín wákàtí kan àbọ̀. Fún AS, ìyẹn náà kò dára.

Ní ti oògùn, acetazolamide, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Diamox, ń ran ara lọ́wọ́ láti tètè mọ ibi gíga. Ìwọ̀n tí wọ́n sábà ń lò ni 125 mg láàárọ̀ àti lálẹ́, láti ọjọ́ tó ṣáájú gígòkè. Ọwọ́ á máa ta yín fínnífínní, ẹ ó sì máa tọ̀ léraléra. Ẹni tí Fansidar tàbí Septrin bá ti fún ní ara wíwú tàbí èélá rí gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà, torí ìdílé kan náà ni oògùn wọ̀nyí. Kí ìyàwó yín má lò ó láìbéèrè, nítorí omi tó ń jáde lára kò dára fún AS. Ẹ tún fi èyí sọ́kàn: àìsàn òkè kì í sábà mú ara gbóná gan-an. Bí ara ẹnikẹ́ni nínú yín bá gbóná láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí ẹ kúrò ní Ìbàdàn, ibà ẹ̀fọn ni kí ẹ kọ́kọ́ rò, kí ẹ sì sọ fún dókítà ibẹ̀ pé Nàìjíríà ni ẹ ti wá, kó ṣàyẹ̀wò rẹ̀.

Àwọn ohun kéékèèké tó ń ba ìrìn jẹ́ kò pọ̀. Yẹ́lò kàdì yín gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ mẹ́wàá ó kéré tán lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kí ẹ tó wọ Íńdíà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n lè yà yín sọ́tọ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà ní Delhi, ìyẹn ìdá méjì nínú mẹ́ta ìsinmi yín. Ẹ gba owó rúpíì ní Shimla, nóòtì 500 àti 100, torí ẹ̀rọ ATM tó wà lókè máa ń gbẹ, káàdì kì í sì í ṣiṣẹ́ lábúlé. Kí ẹ tó sanwó ilé, ẹ bi onílé bóyá ó lè kọ orúkọ àjèjì sínú fọ́ọ̀mù tí ìjọba ń béèrè. Ẹni tí kò bá lè ṣe é lè dá yín padà lẹ́nu ọ̀nà lálẹ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà ní Kalpa àti Kaza, ó sì ń lọ ó ń bọ̀. Ẹ gba máàpù sórí fóònù kí ẹ tó kúrò ní Shimla. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ púpọ̀ tí ẹ lè wọ̀ léra wọn sàn ju kóòtù ńlá kan lọ. Ẹ mú jígí ojú àti ìpara oòrùn, awọ dúdú náà ń jó lórí òkè, ètè ló sì ń kọ́kọ́ là. Bí ẹ bá ń ra ìwé ìdójútòfò, ẹ ka ibi tí wọ́n kọ iye mítà sí. Ọ̀pọ̀ wọn kò ní sanwó fún ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lókè ibi tí wọ́n dá.

Ohun tí n kò lè ṣe láti inú lẹ́tà ni kí n mọ bí ara ìyàwó yín ṣe rí nínú. Ẹ mú un lọ bá dókítà ẹ̀jẹ̀, kì í ṣe oníkẹ́míìsì àdúgbò, kí ẹ sì béèrè ohun mẹ́ta: ṣé AS ni lóòótọ́, ṣé spleen rẹ̀ kò wú, ṣé ìrora ìhà òsì kò ṣe é rí nígbà tó ṣe wàhálà tàbí tó wọ bàlúù. Bí ìdáhùn èyíkéyìí bá mú dókítà náà fajú ro, Shimla àti Sarahan tó fún yín. Títí èsì yẹn yóò fi dé, ẹ má sanwó mọ́tò fún ẹnikẹ́ni ní Manali.